IRIN GỌ́Ọ̀FÙ ÀLÒKÙ: Ọwọ́ tó máa lò ó ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo dídán

Ìyá kan tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà n'Íbàdàn ló kọ̀wé sí wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ń ṣe kádì ní pápá gọ́ọ̀fù. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ ohun tó ń jẹ́ kádì, àwọn ni wọ́n máa ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù kọ́ èjìká tẹ̀lé àwọn ọ̀gá kiri orí pápá, tí wọ́n á tún máa wá bọ́ọ̀lù tó bá wọgbó. Ọmọ náà wo àwọn ọ̀gá títí, òun náà mọ̀ ọ́n gbá. Àmọ́ irin àyálò ló fi ń gbá a. Bí ẹni tó ni irin bá ti gba nǹkan rẹ̀, eré parí nìyẹn. Ni ẹnì kan bá wá bá ìyá, ó ní òun ní odidi sẹ́ẹ̀tì kan tó ti Òkè-Òkun dé, àlòkù ni, ó ń dán gbinrin. Iye tí ẹni náà pè é, bí ìyá bá kó àjọ ọdún yìí, díẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù tí yóò fi ra ọjà. Ó wá ń béèrè lọ́wọ́ wa pé ṣé kóun rà á ni àbí kóun fi í sílẹ̀, torí irin lásán lòun rí, òun ò mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò.

Ìyá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Owó àjọ kì í ṣe owó àfiṣeré. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ irin náà wò. Kí ọmọ yín jókòó tì yín kó máa gbọ́, àti ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin kápẹ́ńtà, ẹ̀yin télọ̀ tí àbúrò yín ń ṣe iṣẹ́ kádì, ẹ súnmọ́ tòsí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rẹ́rìn-ín pé eré àwọn olówó ni, ẹ dákẹ́ ná. Òótọ́ ni pé àwọn olówó ló ni ọ̀pọ̀ pápá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà, ẹ bi wọ́n wò, ìdí àpò gbígbé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ìkòyí níbí l'Ékòó, lọ́dún 1981, ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Peter Tupling ti gbá ihò 72 láàárín ọjọ́ mẹ́rin ní ìgbá 255 péré. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó gbá a níye tó kéré jù ló borí. Àkọsílẹ̀ àgbáyé ni wọ́n ka 255 yẹn sí nígbà náà. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tó jìnnà sí wa.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÀPÒ YẸN?

Òfin eré yìí ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ju igi mẹ́rìnlá lọ wọ pápá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi lélẹ̀ lọ́dún 1938, àwọn àgbà gọ́ọ̀fù ní Scotland gbà á lọ́dún 1939. Òfin sọ iye tó pọ̀ jù, kò sọ iye tó kéré jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Nínú àpò náà, àwọn kan lórí ńlá bí ìkúùkù, àwọn nìyẹn tí wọ́n fi ń gbá a lọ jìnnà rére. Ọ̀kan wà tí wọ́n fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù wọ ihò. Èyí tó wà láàárín, tó pọ̀ jù, ni à ń pè ní irin. Nọ́ńbà ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 3, 4, 5 títí dé 9, lẹ́yìn náà ni P, lẹ́yìn náà ni S tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú yanrìn. Irin tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, ọ̀pá rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì nàró. Bọ́ọ̀lù á lọ jìnnà, kò ní ga. Irin tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ wo òkè. Bọ́ọ̀lù á gòkè fíofío, á wá já wálẹ̀ pẹ̀lẹ́. Nọ́ńbà 7 tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin máa ń tó bí íńṣì 37. Bí ẹ bá ti ń ti nọ́ńbà kan bọ́ sí èkejì, ààbọ̀ íńṣì ni ọ̀pá fi ń dín tàbí fi ń lé. Bí ẹ bá to sẹ́ẹ̀tì kan tó pé sára ògiri, ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Bí àtẹ̀gùn náà bá gé níbì kan, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìyá kì í mọ̀: ojú kan ṣoṣo ni irin ní. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ọlọ́wọ́ òsì ò lè fi gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ má sì rò pé ọwọ́ tí ọmọ fi ń jẹun lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Phil Mickelson ti Amẹ́ríkà, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, àmọ́ ọwọ́ òsì ló fi ń gbá gọ́ọ̀fù, torí pé nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń dúró kọjú sí bàbá rẹ̀ tó ń gbá a, ó sì ń ṣe bí ẹni wo dígí. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín pé apá ibo ló ń dúró sí.

ARÁNBÀTÀ TÓ TÚN IRIN ṢE

Tẹ́ ẹ bá yí irin sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé oríṣi méjì ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń jẹ́. Ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ pẹlẹbẹ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀bẹ. Ẹ̀yìn ti èkejì ní kòtò láàárín, wọ́n wá kó irin sí etí yíká.

Ẹni tí òkìkí elẹ́yìn kòtò yìí so mọ́ jù ni Karsten Solheim. Bergen ní ilẹ̀ Norway ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1911, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yunifásítì, owó ò sí, ó fi í sílẹ̀, ó gba ìdí bàtà ṣíṣe lọ. Bẹ́ẹ̀ ni o, aránbàtà ni. Nígbà tó yá, ó di oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ti lé ní ogójì ọdún kó tó fọwọ́ kan igi gọ́ọ̀fù. Nígbà tó rí i pé òun ò mọ̀ ọ́n tì wọ ihò dáadáa, kò bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀, irin ló bínú sí. Ó lọ sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ nílé, ó ṣe tirẹ̀. Ìró tí irin náà ń dún nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù ló fi sọ ọ́ lórúkọ: Ping. Irin Ping Eye2 tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1982 tàn ká ayé, ó sì wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú àlòkù títí di òní olónìí.

Kí ni kòtò yẹn ń ṣe? Ìyá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Bí gbogbo ẹrù bá kó sí àárín igbá lórí yín, tí ẹnì kan wá fọwọ́ kan etí igbá, ṣé kò ní yí? Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá pín sí etí yíká, igbá náà á le koko, kò ní tètè yí. Bẹ́ẹ̀ ni irin. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í fi àárín irin kan bọ́ọ̀lù nígbà gbogbo. Á fi imú irin kàn án, á fi gìgísẹ̀ irin kàn án. Tó bá jẹ́ elẹ́yìn pẹlẹbẹ ló dì mú, irin á yí mọ́ ọn lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù á yà wọgbó, ọwọ́ á sì máa ta á bíi pé ó fi òòlù lu òkúta. Elẹ́yìn kòtò á foríjì í díẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ràn elẹ́yìn pẹlẹbẹ torí pé ó lẹ́wà, torí pé irú rẹ̀ ni wọ́n rí lọ́wọ́ àwọn ògbóǹtarìgì lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ò bá wọn jiyàn pé ó lẹ́wà. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, tí àárín irin ń bá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà, ni wọ́n ṣe é fún. Kádì tó ń rí pápá gbá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, elẹ́yìn kòtò ni tirẹ̀, bí inú ẹ̀ bá fẹ́ bàjẹ́ kó bàjẹ́.

7 TÒNÍ KÌ Í ṢE 7 TÀNÁ

Ibi tí owó ti máa ń ṣòfò jù nìyí, ibẹ̀ sì làwọn ọlọ́jà kì í sọ.

Nọ́ńbà tó wà nídìí irin, kò sí òfin tó dè é. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ ohun tó wù ú. Irin nọ́ńbà 7 ti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ojú rẹ̀ máa ń wo òkè tó bíi dígírì 36, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin nọ́ńbà 7 tí wọ́n ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóde òní, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tó 30 mọ́. Ìyẹn ni pé irin tí wọ́n kọ 7 sí lónìí, 5 ni bàbá wa ìbá pè é. Àwọn tó ń ṣe é ní àlàyé wọn: wọ́n ní irin tòde òní wúwo nídìí, ó ń gbé bọ́ọ̀lù ga fúnra rẹ̀, nítorí náà ojú rẹ̀ lè nàró díẹ̀. Àlàyé náà mọ́gbọ́n wá. Àmọ́ bí ọlọ́jà bá ń yangàn pé 7 òun ń lọ jìnnà ju 7 ti ẹlòmíràn lọ, ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà ló ń tà fún yín.

Ewu ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀tì àṣàjọ. Ọlọ́jà á rí 5 àti 6 lára irin àtijọ́ kan, á rí 7, 8, 9 lára irin tuntun, á so gbogbo rẹ̀ pọ̀, á ní sẹ́ẹ̀tì pé. Nọ́ńbà tò tẹ̀lé ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n 6 àti 7 yẹn lè máa gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ibì kan náà gan-an. Owó irin méjì lẹ san, irin kan lẹ rà. Ẹ lo ojú kápẹ́ńtà: ẹ di àwọn irin náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀pá gbogbo wọn nàró ṣánṣán, kẹ́ ẹ wo bí ojú ṣe ń wo òkè sí i láti orí ọ̀kan dé èkejì. Ó yẹ kó máa lé díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà. Bí méjì bá dọ́gba, tàbí tí ọ̀kan bá fò gọ̀ọ́rọ̀, wọ́n ti ṣà á jọ.

P náà ti yí padà. Ti àtijọ́ máa ń tó dígírì 48 sí 50. Ọ̀pọ̀ ti òde òní kò ju 44 lọ. S sì wà ní nǹkan bíi 56 níbi tó ti wà látọjọ́. Ẹ rí i pé àlàfo dígírì méjìlá ló wà láàárín méjèèjì báyìí, kò sì sí irin níbẹ̀. Ẹni tó bá ra sẹ́ẹ̀tì tuntun-díẹ̀ á tún ra irin kan sí i láti dí àlàfo yẹn. Ẹ fi owó ìyẹn kún ìṣirò yín kẹ́ ẹ tó ná ọjà.

Ọ̀PÁ NI ẸṢIN, ORÍ NI ẸNI TÓ GÙN ÚN

Orí irin ni gbogbo èèyàn ń wò, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ wà. Ní tèmi, ọ̀pá lẹ bá kọ́kọ́ wò.

Láyé ọjọ́un, igi ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀pá irin lọ́dún 1924, Scotland fọwọ́ sí i lọ́dún 1929. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá dúdú tó fúyẹ́ dé, èyí tí wọ́n fi káábọ̀nù ṣe. Ọ̀pá irin wúwo, ó pẹ́, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ọ̀pá káábọ̀nù fúyẹ́, ó dáa fún àgbàlagbà, fún obìnrin, fún ẹni tí ìgbọ̀nwọ́ ń dùn, ṣùgbọ́n tó bá ti sán nínú, ojú lásán lè má rí i.

Lábẹ́ rọ́bà ìdìmú, ẹ máa ń rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, lẹ́tà wà lórí rẹ̀. L ni ti obìnrin, ó rọ̀ jù. A ni ti àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń falẹ̀. R ni ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin. S le, X le ju S lọ. Bí ọ̀pá bá le ju ọwọ́ lọ, bọ́ọ̀lù ò ní fẹ́ gòkè, á sì máa yà sí ọ̀tún fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá rọ̀ jù, bọ́ọ̀lù á máa lọ síbi tó bá wù ú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á máa yà sí òsì.

Gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè gbé àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká ló gbà pé S ni tòun. Agbára kọ́ ni wọ́n ń wò níbẹ̀ o, yíyá ọwọ́ ni. Mo ti rí alágbára tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń ro oko ìrọ̀lẹ́, mo sì ti rí ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí irin ń hó lọ́wọ́ rẹ̀ fìn-ìn. R ni kí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ kékeré lẹ fẹ́ rà á fún, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ẹ má gé ọ̀pá irin àgbà fún un. Ọ̀pá tí wọ́n gé á tún le sí i, orí irin sì wúwo bó ṣe wúwo fún àgbà. Ọmọ náà á kàn máa wọ́ ọ nílẹ̀ ni.

Ó ku bí irin ṣe ń jókòó sílẹ̀. Ẹ wá bébà lílẹ̀ kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ irin, kí ọmọ fi gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta, mẹ́rin lórí pákó pẹlẹbẹ. Ibi tí bébà bá ti bó ló ti ń kan ilẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín, irin bá a mu. Bó bá jẹ́ apá imú, irin náà dùbúlẹ̀ jù fún un. Bó bá jẹ́ apá gìgísẹ̀, ó nàró jù. Irin tí wọ́n lù bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń lu ọkọ́, ó rọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè tẹ ọrùn rẹ̀ díẹ̀ kó bá ọmọ mu. Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àpẹẹrẹ, bíi Ping Eye2 yẹn, le gan-an, ó lè kán. Ẹ̀yin wẹ́dà tẹ́ ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi iná sí ọrùn irin gọ́ọ̀fù. Gọ́ọ̀mù ló so orí mọ́ ọ̀pá. Bí iná bá kàn án, orí á yọ, á bá bọ́ọ̀lù fò lọ lọ́jọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò bá.

BẸ́ Ẹ BÁ DÉ Ọ̀DỌ̀ ỌLỌ́JÀ

Ẹ má ra irin nínú fọ́tò. Àwọn kan wà tí wọ́n á ya á lórí fóònù, wọ́n á ránṣẹ́ sí yín, wọ́n á ní kẹ́ ẹ sanwó kí ẹlòmíràn tó gbé e. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e. Ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má lọ lálẹ́.

Ẹ gbé irin kọ̀ọ̀kan sókè, ẹ fi ojú kan wo ọ̀pá rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí kápẹ́ńtà ṣe ń wo pákó. Èyí tó bá tẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ mì ín létí. Bó bá ń dún kẹrẹkẹrẹ, nǹkan ti bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ di orí mú lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì, ẹ gbìyànjú láti yí i. Bó bá yí bó ti wù kó kéré mọ, gọ́ọ̀mù ti kú. Ìyẹn ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù.

Ìpẹtà tó wà lójú irin tí wọ́n lù kò fi bẹ́ẹ̀ burú, ẹ lè fi bọ́rọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Èyí tó wà lára ọ̀pá ni kẹ́ ẹ sá fún, pàápàá tó bá ti jẹ ihò wọ inú. Ọ̀pá bẹ́ẹ̀ á kán lọ́jọ́ kan. Tó bá jẹ́ ọ̀pá káábọ̀nù, ẹ̀yin télọ̀ mọ èyí tí mo fẹ́ sọ: ẹ fi òwú rírọ̀ wọ́ ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bí òwú bá kọ́ níbì kan, ó ti ń sán níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná wọ́ àwọn ìlà tó wà lójú irin. Ìlà yẹn ló ń di bọ́ọ̀lù mú tó fi ń yí sẹ́yìn tí kò fi ní sáré kọjá ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Bí èékánná bá ń yọ̀ gbẹrẹrẹ láàárín ojú irin 8, 9 àti P, ẹni tó lò ó ti gbá a gbó. Irin 3 àti 4 máa ń dán bíi tuntun nínú sẹ́ẹ̀tì àlòkù, ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín jẹ. Àwọn èèyàn kì í lè gbá a ni wọn ò ṣe lò ó. Ọ̀rọ̀ ìlà ojú irin yìí dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún 2010. Wọ́n ṣòfin tuntun nípa rẹ̀ fún àwọn ògbóǹtarìgì, ni Mickelson tá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bá lọ gbé irin Ping Eye2 tó ti lé lógún ọdún jáde, torí pé àdéhùn àtijọ́ kan gba irin náà láyè. Ariwo sọ, wọ́n bú u, òfin ò sì rí i mú. Àlòkù ogún ọdún nìyẹn lọ́wọ́ olówó o.

Ọgbẹ́ abẹ́ irin, àtẹ́lẹsẹ̀ tó há yánnayànna, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Òun gan-an lẹ máa fi ná ọjà wálẹ̀.

AYÉDÈRÚ ÀTI OLÈ

Irin ayédèrú pọ̀ lóde. Orúkọ ńlá ló máa ń wà lára rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣe ayédèrú ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ẹ wo lẹ́tà orúkọ náà bóyá ó gún, bóyá ọ̀dà rẹ̀ kún ojú ìlà. Ẹ wo ọrùn irin. Ping Eye2 ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Bí ti 5 bá yàtọ̀ sí ti 6, wọn ò jáde pọ̀ láti ilé-iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ olè ló wá le jù fún ọmọ kádì. Bí ọ̀gá kan bá sọ irin rẹ̀ nù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n wá rí irú rẹ̀ nínú àpò ọmọ yín, ta ni wọ́n máa gbà gbọ́? Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́jà: orúkọ rẹ̀, ọjọ́, irú irin, nọ́ńbà ara rẹ̀, iye tẹ́ ẹ san. Ọlọ́jà tó bá ní òun kì í kọ ìwé, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Kí ọmọ sì fi irin náà han olórí àwọn kádì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá gbé e dé pápá, kó má ṣe gbé e pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ó WÁ KU ÀJỌ ÌYÁ

Ìyá, ẹ má kó àjọ yín tán. Ọmọ yín ò nílò odidi sẹ́ẹ̀tì.

Ọmọkùnrin kan wà ní abúlé Pedreña lápá àríwá ilẹ̀ Spéènì, ọdún 1957 ni wọ́n bí i. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù àwọn ọlọ́rọ̀ wà nítòsí ilé wọn, ó ń gbé àpò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí kádì gbá a. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Manuel fún un ní irin kan ṣoṣo, nọ́ńbà 3, àlòkù. Irin yẹn ló gbé lọ sí etí òkun. Pẹ̀lú irin kan yìí, ó kọ́ bí wọ́n ti ń gbá a lọ jìnnà, bí wọ́n ti ń gbá a kó ga, bí wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú yanrìn. Seve Ballesteros lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1979, ní ọmọ ọdún 22, ó gba ife ẹ̀yẹ Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún gbà á lọ́dún 1984 àti 1988, ó sì gba Masters ti Amẹ́ríkà lọ́dún 1980 àti 1983. Ó kú lọ́dún 2011. Títí tó fi kú, wọ́n ń sọ pé kò síbi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ há sí tí kò lè yọ ọ́.

Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ tó bá ní irin kan á di Seve. Àwọn kádì pọ̀ bí eṣú, àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù kọ́lé kò pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé irin mẹ́rin tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu á kọ́ ọ ju mẹ́rìnlá tí kò bá a mu lọ. Ẹ ra 5, 7, 9 àti S, gbogbo wọn láti inú sẹ́ẹ̀tì kan náà bó bá ṣeé ṣe, elẹ́yìn kòtò, ọ̀pá irin, R. Ẹ fi èyí tí wọ́n fi ń tì í wọ ihò kún un. Tí ọlọ́jà bá ní òun ò tú sẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ọ̀gá tó fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan máa ń pààrọ̀ irin bí ẹní ń pààrọ̀ agbádá, wọ́n sì lè ta èyí tí wọ́n ti pa tì fún kádì wọn ní owó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Owó tó ṣẹ́ kù, ẹ fi ra gàrí. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, tí ọmọ yín sì ti mọ èyí tọ́wọ́ rẹ̀ ń fẹ́, kó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra 6 àti 8.

Ohun tó kẹ́yìn tẹ́ ẹ máa náwó lé ni rọ́bà ìdìmú, torí èyí tó wà lára àlòkù máa ń le bí igi, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́ tó bá ti làágùn. Ọmọ lè ṣe é fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Kó fi abẹ rọra la rọ́bà àtijọ́ kúrò, kó má gé ara ọ̀pá, kó họ gọ́ọ̀mù rẹ̀ dànù, kó we téèpù olójú méjì mọ́ ọ̀pá, kó da pẹtiróòlù díẹ̀ sínú rọ́bà tuntun kó mì ín, kó dà á sórí téèpù náà, kó sì fi rọ́bà wọ̀ ọ́ kíákíá kó tó gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má dáná nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Kó gbé e dúró sí ẹ̀bá ògiri di àárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó fi gbá bọ́ọ̀lù.